Tiransísítọ̀ Méjì Inú Rédíò Ọ̀gá Mi

Mo ti fi òjé jó wáyà kẹta mọ́ inú àpótí náà kí n tó ṣàkíyèsí pé ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá mi ni mo jókòó sí. Wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀bù yẹn. Onígbàjámọ̀ kan ti kọ́ tirẹ̀ sójú ibẹ̀, mo sì ti gẹrun níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ó tún wà níbẹ̀, pẹ̀lú òrùlé páànù rẹ̀ àti tábìlì onígi tí iná ti jó lójú púpọ̀, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é rí. Òjé ń yọ́, èéfín rẹ̀ ń fẹ́ sí mi nímú. Ọ̀sán ni.

Ohun tí mo ń tò ni àpótí kékeré kan tí àwa onígìtá máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Pẹ́dà là ń pè é. Tí o bá ki wáyà gìtá bọ̀ ọ́, tí o sì tẹ̀ ẹ́, ohùn gìtá á ha bí ohùn ẹni tó ti fi ọjọ́ mẹ́ta pariwo. Àwọn kan máa ń ra èyí tí wọ́n ti tò tán. Èmi ra èyí tí wọn ò tíì tò, tí wọ́n kó gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sínú páálí kan pẹ̀lú ìwé, pé kí ẹni tó bá rà á tò ó fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ lè sọ fún àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Mo fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn mí. Kí n ti sọ ìyẹn ná.

Àwọn ẹ̀yà náà ti jáde nínú páálí fúnra wọn, wọ́n tò sórí bẹ́ǹṣì bí àwọn tó ń dúró de dókítà. Àwọn tó ní ìlà aláwọ̀ lára ń bára wọn jiyàn nípa ẹni tó yẹ kó wọlé ṣáájú. Mo ń mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń jó wọn mọ́ pátákó inú àpótí náà, èyí tí mo bá sì ti jó mọ́ ọn á dákẹ́. Ó wá ku méjì tí n kò pè. Tiransísítọ̀ tuntun méjì tó bá páálí wá ni. Tiransísítọ̀ jẹ́ ẹ̀yà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kò tóbi ju hóró ẹ̀pà lọ. Òun ló ń gba ohùn kékeré tó ń sọ ọ́ di ńlá. Rédíò kò lè sọ̀rọ̀ láìsí i, pẹ́dà mi náà kò sì lè ha láìsí i. Àwọn méjèèjì jókòó sẹ́yìn bí àlejò tí wọn ò fún lómi mu.

"Ọ̀nà jíjìn la ti wá," ni ọ̀kan wí.

"Mo mọ̀," mo dá a lóhùn.

"O ò sì lò wá."

Mo ní kí wọ́n má bínú, pé mo ti ní òmíràn. Èkejì béèrè pé níbo ni mo ti rí òmíràn. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Àwọn òmíràn náà ti wà nínú àpótí. Àgbà ni wọ́n, wọ́n dé fìlà irin kékeré, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń wúkọ́ ni. Bí Ọ̀gá mi ṣe máa ń wúkọ́ láàárọ̀ ni wọ́n ń wú u: méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn, lẹ́yìn náà "Olúwa ṣeun". Pépà wẹ́wẹ́ kan sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Nínú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá, ohun tí a bá yọ nínú rédíò ẹnikẹ́ni, orúkọ ẹni náà là ń kọ sórí pépà tí a ń so mọ́ ọn, kí a tó fi sínú agolo mílíìkì. Ọ̀gá kì í fi èyí ṣeré rárá. Tó bá bá nǹkan nínú agolo tí kò lórúkọ, iṣẹ́ dúró nìyẹn, a ó máa wá ẹni tó ni ín títí di ìrọ̀lẹ́. Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé pépà kúrò lára tiransísítọ̀ àkọ́kọ́. Ó tún yọ jáde. Mo tún gé e. Ó yọ, ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó gba ihò tí wáyà gìtá ń gbà bọ́ sí ìta. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni Bàbá Ẹniafẹ́. Orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pe Ọ̀gá mi nìyẹn, torí Ẹniafẹ́ ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí.

Mo ṣí ìwé tó bá páálí wá kí n lè mọ ohun tó kàn. Ìgbésẹ̀ kẹjọ ní kí n ki bátìrì bọ̀ ọ́. Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án, bírò ni wọ́n fi kọ ọ́, ìkọ̀wé Ọ̀gá tó máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan sì ni: "Sọ ibi tí o ti rí i." Mo fò ó, mo lọ sí ìgbésẹ̀ kẹwàá. Ohun kan náà ló wà níbẹ̀. Mo kúkú pa ìwé náà dé, mo jókòó lé e lórí. Àwọn rédíò tó wà lára ògiri, àwọn tí olówó wọn kò padà wá gbé, ń sọ̀rọ̀ mi láàárín ara wọn. Nígbà tí mo gbójú sókè, wọ́n dákẹ́.

Mo gbọ́ ikọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe inú àpótí ló ti wá.

Mo ki àpótí náà bọ abẹ́ ẹ̀wù kíá. Ó gbóná mọ́ mi níkùn, torí òjé rẹ̀ kò tíì tutù.

Ọ̀gá wọlé. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tó ti kú. Aṣọ tí a fi sin ín ló wọ̀, ó kàn ti yí ọrùn ẹ̀wù náà sẹ́yìn nítorí pé ó ń yún un. Ó gbé rédíò rẹ̀ sí abíyá, èyí tó wà nínú àpò awọ tó ní ihò wẹ́wẹ́ níwájú. Kò wọlé bí onílé. Ó dúró níwájú káńtà bíi kọ́sítọ́mà, ó ń wo ògiri, ó ń dúró kí n dá òun lóhùn.

Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì sí àárọ̀ kan tí n kò nà gbalaja níwájú rẹ̀ kí n tó mú irin tí a fi ń yọ́ òjé. Ṣùgbọ́n tí mo bá dọ̀bálẹ̀, súìṣì àpótí náà á lu ilẹ̀, á sì tàn. Nítorí náà mo kàn tẹ̀ díẹ̀, mo fi ìka ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀, bí a ṣe ń kí ẹni tí a ò fẹ́ kí.

"Ẹ káàsán, sà."

Ọ̀gá wo ìka náà. Ó wò ó pẹ́.

"Pòjù," ó ní, "ṣé ẹ̀yìn ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Mo rò pé ẹ̀yìn ń dùn ọ́ ni."

Ojú gbà mí tì débi pé etí mi ń gbóná. Àwọn àga inú ṣọ́ọ̀bù náà yí padà, wọ́n kọjú sí ògiri, ó sì jọ pé nítorí tèmi ni wọ́n ṣe ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó gbé rédíò lé orí tábìlì. Ó ní kò sọ̀rọ̀ mọ́, pé ẹnì kan ń bá òun tún un ṣe, àmọ́ ẹni náà ní òun ṣì ń wá pátì, ẹ̀yà tó máa rọ́pò èyí tó bàjẹ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé kì í ṣe èmi lẹni náà. Ó yọ bátìrì, ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò, torí Ọ̀gá kò gba ẹ̀rọ kankan tí wọ́n fi ń wọn iná gbọ́ láyé rẹ̀.

"Ara bátìrì le," ó ní. "Kí ló wá ṣe é? Tú u."

Mo tú u. Mo mọ ohun tí mo máa rí, síbẹ̀ mo rọra ń tú u, mo ń yẹ̀ ẹ́ wò sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń wá nǹkan. Yàrá kan ló wà nínú rédíò náà. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, ife omi wà níbẹ̀, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí oko ẹ̀gẹ́. Yàrá tí Ọ̀gá kú sí ni. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ mi wọlé dé ìgúnpá, lẹ́yìn náà gbogbo ara mi wọlé, mo sì bá ara mi lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ṣáájú mi.

"Bá mi wò ó, Pòjù," ó ní, ó na rédíò náà sí mi. "Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mi ò lè mú irin mọ́."

Bó ṣe sọ ọ́ lójú ayé gan-an nìyẹn. Mo ti fi iṣẹ́ rédíò sílẹ̀ nígbà náà, n kò sì dúró gba fírídọ̀ọ̀mù. Mo sọ fún Ọ̀gá pé gìtá ni ọkàn mi fẹ́. Kò bínú, ó ní kí n máa lọ, pé ọjọ́ tó bá wù mí kí n padà wá gba àdúrà. N kò padà wá gbà á. Ìgbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Mo gbé rédíò náà lọ sílé. Wáyà kan ṣoṣo ló já nínú rẹ̀, ohun tí mo lè jó padà kí ẹ̀pà ọwọ́ mi tó tán. Ṣùgbọ́n mo rí tiransísítọ̀ méjì tó dé fìlà irin níbẹ̀. Irú wọn kò wọ́pọ̀ mọ́. Gbogbo onígìtá tí mo mọ̀ ló ń sọ pé àwọn àgbà wọ̀nyẹn ló ń mú kí ohùn ha dáadáa, pé àwọn tuntun inú páálí kàn ń pariwo lásán ni. Mo yọ wọ́n. N kò kọ orúkọ kankan sára wọn.

Mo jí wọn ni. Mo ti yí ọ̀rọ̀ po tó.

Nínú yàrá inú rédíò náà, gbogbo ọjọ́ ló jẹ́ Sátidé. Kàlẹ́ńdà ara ògiri kò ní ọjọ́ mìíràn. Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n máa ń ṣe ètò ìkíni lórí rédíò, tí wọ́n á máa dárúkọ àwọn èèyàn tí ará ilé wọn ní kí wọ́n bá àwọn kí. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Ọ̀gá fi gbọ́ ètò yẹn. Rédíò tí gbogbo àdúgbò fi ń gbọ́ orúkọ ara wọn, òun ló ń tún un ṣe fún wọn. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ tirẹ̀ rí. Kì í ráhùn, àmọ́ tí wọ́n bá ti parí ètò náà, ó máa ń ní, "Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," á sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹniafẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìlọrin ló wà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, wọn ò sì jẹ́ kó rìnrìn-àjò. Ó pè mí lórí fóònù ní Ọjọ́rú. Ó ní àwọn onírédíò ti gbà pé ní Sátidé yẹn òun lè fi ohùn ara òun kí Bàbá òun, kí òun sì dárúkọ ọmọ tuntun fún wọn. Ó ní kí n má sọ fún Bàbá, kó lè bá wọn lójijì. Ó ní, "Bùọ̀dá Pòjù, ẹ ṣáà bá mi rí i pé rédíò wọn wà ní títàn." Mo ní kò séwu. Àwọn tiransísítọ̀ náà ti wà nínú pẹ́dà mi nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé màá yá rédíò aládùúgbò. Nígbà tó di Sátidé, mo gbé pẹ́dà lọ sí ìdánrawò ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí ọjọ́ kejì ni ìkórè. Wọ́n yìn mí, mo sì gbàgbé. Ọ̀gá kú ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"O ò tíì rí pátì náà?" Ọ̀gá bi mí láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ó kù díẹ̀, sà."

Àpótí abẹ́ ẹ̀wù mi wúkọ́. Ọ̀gá náà wúkọ́. Àwọn méjèèjì jọ parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo wá rántí àwọn tuntun méjì tó bá páálí wá. Mo ní ẹ̀rù ti tán, ọ̀nà ti là. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn sínú ṣọ́ọ̀bù, mo mú wọn lórí bẹ́ǹṣì, mo sì jó wọn sínú rédíò Ọ̀gá níbi tí mo ti yọ tirẹ̀. Wọn ò janpata. Ọ̀kan tilẹ̀ ní, "Ó kúkú rántí wa." Mo tan rédíò náà. Ó sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ohùn rẹ̀ sì mọ́ kedere. Ó ní, "Pòjù ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ẹ wò ó, ẹ ò rí i bí? Ọmọ yìí mọ nǹkan ṣe." Ohùn àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo yí i sí ibòmíràn, ìyìn mi náà ló tún wà níbẹ̀. Mo yí i títí ó fi dé ìparí, wọ́n ṣì ń yìn mí, ẹnì kan sì ń pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá tẹ́tí sí i tọkàntọkàn bó ṣe máa ń tẹ́tí sí ìròyìn. Ó dúró kó parí.

"Àwọn wo ni wọ́n ń kí?" ó béèrè.

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa," ó ní. "Wọ́n kí ọ dáadáa."

Mo pa rédíò náà. Ìbá wù mí kó gbá mi létí. Ó máa ń gbá wa létí nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́, kì í sì í dunni ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Fèrèsé gbòòrò títí ó fi di ẹnu ọ̀nà, Ẹniafẹ́ sì gba ibẹ̀ wọlé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ọmọ náà ti ju ẹni tí a ń pọ̀n lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá ìyá rẹ̀ kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀, nítorí náà kò lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹniafẹ́ kúnlẹ̀ kí mi. Mo ní kó dìde, ó dìde, ó wá bi mí ní ohun tó bi mí lọ́jọ́ ìsìnkú.

"Bùọ̀dá Pòjù, ṣé wọ́n gbọ́ mi?"

Lọ́jọ́ ìsìnkú, kíá ni mo dáhùn. Mo ní, "Wọ́n gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní orúkọ ọmọ náà dùn." Mo tilẹ̀ ṣe bí Bàbá ṣe gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí hàn án. Ó sunkún, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójú gbogbo èèyàn. Ọpẹ́ yẹn ló ń lé mi kiri títí dòní. Nínú yàrá yìí, mo tún la ẹnu láti sọ ohun kan náà. Ohùn mi ha. Ó jáde bí ohùn gìtá nígbà tí mo bá tẹ pẹ́dà, ó nípọn, ó ń họra, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ẹniafẹ́ ń mi orí bí ẹni tó gbọ́ ọ.

"Ẹ ṣeun," ó ní.

Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wò mí. Òun kò mi orí.

Àwọn ẹgbẹ́ atúnrédíòṣe ti jókòó yí wa ká. Bẹ́ẹ̀dì ti di tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sí, ife omi ti di igo mínírà méjìlá, Ọ̀gá sì ti jókòó sídìí tábìlì náà lórí àga onítìmùtìmù. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó pé fírídọ̀ọ̀mù Adépòjù ni. Mo mọ àwọn tó wá dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti kú. Ọ̀kan kò tíì kú, àmọ́ ó ní òun kàn wá gba àyè sílẹ̀ ni. Irin tuntun tí a fi ń yọ́ òjé wà lórí tábìlì, ó ń dán. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ẹni tó kọ́ṣẹ́ á dọ̀bálẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ á gbàdúrà lé e lórí, á gbé irin fún un, á sì ní kó dìde. Ìgbà tí ọ̀gá bá ní "dìde" ni èèyàn tó di oníṣẹ́ ọwọ́. Tí ọ̀gá kò bá tíì sọ ọ́, ilẹ̀ ni onítọ̀hún wà.

"Ó yá," Alága Oyèníran wí, olórí ẹgbẹ́ náà. "Dọ̀bálẹ̀."

Mo ní ṣé mi ò kàn lè kúnlẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan béèrè bóyá èmi ni ìyàwó tí wọ́n fẹ́ gbé. Mo ní ẹ̀yìn ló ń dùn mí.

Ọ̀gá gbójú sókè. "O ní ẹ̀yìn ò dùn ọ́."

Mo dúró síbẹ̀. Pépà olórúkọ náà ti yọ jáde nísàlẹ̀ ẹ̀wù mi, ó ti kọjá orúnkún, ó ń wọ́ lọ sílẹ̀ láàárín àwọn àga. Gbogbo wọn ń kà á. Àwọn tó ti kú kì í kánjú kàwé, wọ́n ń fi ìka tọ́ ọ: Bàbá Ẹniafẹ́, Bàbá Ẹniafẹ́, Bàbá Ẹniafẹ́. Kò sẹ́ni tó bínú. Wọ́n kàn kà á dé òpin, wọ́n sì gbé e fún ẹni tó kàn. Mi ò mọ ibi tí màá fi ojú sí. Mo fẹ́ ki ọwọ́ bọ àpò, ẹ̀wù náà kò lápò.

"Pòjù," Ọ̀gá ní pẹ̀lẹ́, "aago mélòó ni ètò yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀?"

"Mẹ́sàn-án, sà."

Ó wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ níbi tí aago rẹ̀ máa ń wà. "Ó ti lù."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo na gbogbo ara mi tán, àyà mi kan ilẹ̀. Súìṣì náà dún kẹ́ lábẹ́ ikùn mi.

Orin ètò náà ló kọ́kọ́ jáde, gbogbo rẹ̀ ha, bí ẹni tó ń kọrin tí iyanrìn wà lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni olóòtú ní, "A fẹ́ kí Bàbá Ẹniafẹ́, atúnrédíòṣe, ní Ìrágbìjí. Bàbá, ọmọ yín ló wà pẹ̀lú wa yìí." Ọ̀gá yí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ padà síwájú bó ṣe yẹ kó wà. Ó jókòó ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Àwọn ẹgbẹ́ ṣí fìlà.

"Bàbá mi, ẹ káàárọ̀ o," ohùn Ẹniafẹ́ wí lábẹ́ mi.

"Káàárọ̀, ọmọ mi," Ọ̀gá dáhùn.

"Ṣé ara ti ń mókun?"

"Ó ń mókun."

"Ẹ má bínú pé mi ò lè wá."

"Ta ló ń bínú?" Ọ̀gá ní. "Ẹniafẹ́, ta ló ń bínú?"

Ẹniafẹ́ fúnra rẹ̀ ṣì wà nínú yàrá pẹ̀lú wa. Ibi tí mo wà nílẹ̀, bàtà rẹ̀ nìkan ni mo lè rí. Bàtà náà kọjú sí mi. Ó ti mọ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi gbé ọmọ yín. Obìnrin ni. Orúkọ tí a sọ ọ́ ni..."

Ibẹ̀ ni ohùn náà ti ha jù. Ó ha títí ó fi di ariwo kan ṣoṣo, ó nípọn, ó dùn, irú ohùn tí mo fi gbogbo oṣù yẹn wá, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ yìn mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ náà wà nínú rẹ̀ níbì kan bí òkúta nínú ìrẹsì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ṣà á jáde.

"Kí ló pe orúkọ ọmọ?" Ọ̀gá béèrè. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ gbé etí. "Kí ló pè é?"

"Ẹ sọ fún wọn, Bùọ̀dá Pòjù," Ẹniafẹ́ ní. "Ẹ̀yin lẹ ní wọ́n sọ pé ó dùn."

Mo mọ orúkọ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́ fún mi lórí fóònù ní Ọjọ́rú yẹn, kí n má baà gbàgbé. Mo la ẹnu. Ariwo kan náà ló jáde, ó fọ́n eruku ilẹ̀ sí mi lójú. Mo tún la ẹnu lẹ́ẹ̀kejì, mo fi gbogbo agbára mi sí i, ohun kan náà ni.

Ètò náà parí. Súìṣì pa fúnra rẹ̀.

Ọ̀gá dúró díẹ̀ bóyá wọ́n ṣì máa sọ nǹkan kan. "Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ó ní. Ó gbé rédíò rẹ̀ sí abíyá. Irin tuntun náà ṣì wà lórí tábìlì, kò fọwọ́ kàn án. Àwọn ẹgbẹ́ dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n mú mínírà wọn, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí pépà náà kí wọ́n má baà tẹ orúkọ mọ́lẹ̀. Bàtà Ẹniafẹ́ náà lọ, pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọmọ tó ń wọ́ tẹ̀ lé e. Ọ̀gá ló gbẹ̀yìn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì ń retí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Ó wúkọ́, méjì kúkúrú, ọ̀kan gígùn. Ó ní, "Olúwa ṣeun." Ó jáde.

Mo jí. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì yàrá mi ni mo wà, mo na gbalaja, àyà mi kan ilẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni, rédíò aládùúgbò ń dárúkọ àwọn èèyàn lẹ́yìn ògiri. Pẹ́dà náà wà lórí tábìlì, iná pupa rẹ̀ ń tàn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ọjọ́ ìsìnkú ni n kò ti fi bátìrì sí i. Fóònù mi wà lórí àga, nọ́ńbà Ẹniafẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Mo wò ó láti ilẹ̀ títí ètò náà fi parí. Kò sẹ́ni tó tíì ní kí n dìde.